Máṣìnnì Bímbọ́ Tó Kọ̀ Láti Gun Òkè

Àárín òkè Shooters Hill ni Bímbọ́ wà nígbà tó pè mí, òjò sì ń rọ̀. N kò tíì fẹnu kan tíì àárọ̀ mi, mo ṣì ń wá ibi tí mo ju sípánà sí lánàá. Ẹ́ńjìnnì ń ké tantan lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Uncle Délé, mo ń fún un ní throttle, engine ń pariwo, máṣìnnì ò lọ! Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ti ń overtake mi o!"

"Ṣé ó kú ni?"

"Kò kú! Ó kàn ń pariwo lásán ni. Uncle, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi on Friday pé ẹ ti tune ẹ̀."

Òótọ́ ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀, pé bí òkè yẹn bá ga ju báyìí lọ, máṣìnnì náà á gùn ún. Àṣé òkè ń gbọ́ mi, ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni mí ní Thamesmead, nílùú òyìnbó. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí adágún omi Birchmere Park, níbi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń wo ènìyàn bí ẹni pé a jẹ wọ́n ní búrẹ́dì. Kò sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Thamesmead. Bọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń wọ̀, bọ́ọ̀sì náà sì ní ìwà tirẹ̀: bó bá wù ú, á dé ní mẹ́ta léra, bí kò bá wù ú, á fi ọ́ sílẹ̀ kí o máa ka òkúta. Nítorí náà, àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í dúró de bọ́ọ̀sì ra sìkútà, ìyẹn alùpùpù kékeré tí kò ní jíà tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ yí. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri ń gùn ún, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń tọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé náà ń gùn ún. Àwọn ni oníbàárà mi.

Láti Mushin ni mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó ní jíà àti ṣéènì ni mo mọ̀. Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ ní Woolwich ni bàbá ará Finland kan tó ń jẹ́ Pekka. Ènìyàn gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ọ̀rọ̀ kì í sì í jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín ló ń tún ṣe. Ẹ̀rọ náà kò ní táyà. Igi pẹlẹbẹ méjì ló fi ń yọ̀ níwájú, rọ́bà ńlá kan sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo bi í pé kí ni ẹni tó ń tún ẹ̀rọ yìnyín ṣe ń wá ní Woolwich, níbi tí yìnyín ti ń yọ́ kí a tó rí bàtà wọ̀ jáde.

"Wife," ni Pekka fi dá mi lóhùn.

Ó wá tú ìdérí sìkútà kan, ó na ìka sí inú rẹ̀, ó ní, "Same thing." Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ yìnyín àti sìkútà, ọmọ ìyá ni wọ́n ní ti kílọ́ọ̀ṣì. Púlì kan wà níwájú lára ẹ́ńjìnnì, ìkejì wà lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, bẹ́líìtì rọ́bà kan ló so wọ́n pọ̀. Nínú púlì iwájú ni àwọn ohun róbótó kan wà tí à ń pè ní rólà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára yí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn rólà á máa sá lọ sí etí, wọ́n á fún púlì pọ̀, máṣìnnì á sì máa sáré sí i. Bí ó bá wá dé ẹsẹ̀ òkè, sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn á fa bẹ́líìtì padà, kí ẹ́ńjìnnì lè rí agbára gùn. Rólà tó wúwo, ojú ọ̀nà títẹ́jú ló mọ̀ ọ́n rìn. Rólà tó fúyẹ́, òkè ló fẹ́ràn. Iṣẹ́ wa ni láti máa pààrọ̀ rólà àti sípíríǹgì títí àwọn méjèèjì á fi gbọ́ ara wọn yé, bíi tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ yàrá kan.

Etí ni Pekka fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Á jókòó lórí kéègì tó dojú dé, á di ojú, á ní kí n gun máṣìnnì kọjá níwájú òun. Bí ohùn rẹ̀ kò bá dùn mọ́ ọn, á mi orí, èmi á sì tún un tú. Òfin kan ṣoṣo ló fún mi: bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí mo bá fi ọwọ́ tó ní gíríìsì sún mọ́ bẹ́líìtì, á di ọwọ́ mi mú, á nù ún mọ́ tónítóní bí ẹni pé ọmọ jẹ́léósinmi ni mí. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó gbé agolo bisikíìtì tó kó rólà àti sípíríǹgì rẹ̀ sí lé mi lọ́wọ́. Mo ń retí ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó wò mí títí, ó ní, "Dry," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an.

Bímbọ́ ni mò ń sọ. Ọmọ Òṣogbo ni, físà ìtọ́jú arúgbó ló gbé e wá, Glyndon Estate ló sì ń gbé. Nígbà tó jẹ́ pé Thamesmead nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ayé rẹ̀ dára, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá gbé e lọ sí òkè Shooters Hill. Ẹni tó kọ́kọ́ ń lọ tọ́jú láràárọ̀ níbẹ̀ ni ìyá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Doris, tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì àfi bí Bímbọ́ bá dé. Bímbọ́ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá rẹ̀ wá sọ fún un pé bó bá tún pẹ́, ẹlòmíràn ló máa gba iṣẹ́ náà. Orí iṣẹ́ yẹn ni físà Bímbọ́ dúró lé. Bí sìkútà bá kọ òkè, a jẹ́ pé Bímbọ́ náà á di ẹrù padà sí Òṣogbo, gbogbo ohun tó tà kó tó wá á sì ṣòfò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Ní ọjọ́ òjò yẹn, mo gbé ọkọ̀ mi lọ bá a lórí òkè, a jọ ti sìkútà wọnú ọkọ̀. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo tú ìdérí rẹ̀. Bẹ́líìtì ń dán, ó tutù rinrin, epo ti bo ojú púlì méjèèjì. Kò yà mí lẹ́nu púpọ̀. Rọ́bà kan wà lẹ́yìn tó ń ṣọ́ epo jíà kó má baà jò. Mo ní rọ́bà yẹn ló ti gbó. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo fọ gbogbo rẹ̀, mo tún fi rólà tó fúyẹ́ sí i láti inú agolo Pekka. Mo gbé e gun òkè fúnra mi, ó sì gùn ún dáadáa. Mo tún fọwọ́ sọ̀yà.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí bẹ́líìtì tún ń yọ̀. Mo pààrọ̀ rọ́bà tó wà níwájú. Ó dára, ó tún yọ̀. Mo fi sípíríǹgì tó le sí i. Ó dára, ó tún yọ̀. Mo pààrọ̀ gbogbo ohun tó ní ẹnu láti jò lára sìkútà yẹn, bí ẹni pé mo fẹ́ bí i lọ́tun. Ojú wá ń tì mí láti gbé fóònù Bímbọ́. Lọ́jọ́ kan, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wọlé.

"Uncle, ẹ má bínú o. Ṣé kí n gbé e lọ fún ẹlòmíì ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Kò sí mẹkáníìkì tí wọ́n sọ ìyẹn fún tó máa jẹun yó lọ́jọ́ yẹn.

"Bímbọ́, fún mi di Saturday. Bí mi ò bá rí i, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e lọ fún ẹlòmíì."

"Saturday ni last o, Uncle. Monday ni manager fẹ́ wá dúró dè mí nílé Doris. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí mo dé." Ó nu ojú. "Mummy mi ní ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. A ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí."

Mummy rẹ̀ ti wá kí i láti Òṣogbo láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. N kò ro nǹkan kan sí i. Nínú ìjọ wa, bí búrẹ́dì bá jóná, a lè gbààwẹ̀ lé e lórí.

Nígbà tí Bímbọ́ lọ tán, mo pe Pekka. Etí òkun ló ń gbé báyìí, ẹja ló sì ń dà láàmú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Smell it," ló sọ.

Mo gbé bẹ́líìtì náà sí imú. Ẹni tó bá mọ epo jíà mọ̀ pé òórùn rẹ̀ burú bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ń ta sánsán, ó sì jọ ohun tí mo ti mọ̀ látìgbà pípẹ́. Mo gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, tí ọwọ́ pásítọ̀ wà níwájú orí mi. Òróró ólífù ni, òróró àdúrà.

Mo pe Bímbọ́ padà. "Ta ló ń dín dòdò lórí máṣìnnì ẹ?"

"Uncle, kí lẹ̀ ń sọ?"

"Olive oil ló wà lára belt ẹ."

"Blood of Jesus! Èmi tí mi ò ráyè breakfast? Uncle, mo sọ fún yín, wọ́n ń bá mi jà!"

Ó pa fóònù, mo sì mọ̀ pé ariwo ọ̀tá nìkan ló máa sáré lọ gbé fún Mummy. Mo ra bẹ́líìtì tuntun. Mo fọ púlì, mo nù ún, mo tún nù ún. Mo tò ó bí Pekka ṣe kọ́ mi, mo di ojú, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì dùn létí mi. Ní ọ̀sán Saturday, mo gùn ún lọ sí Glyndon Estate.

Bímbọ́ ń wẹ̀. Mummy rẹ̀ ló jáde gba kọ́kọ́rọ́. Ìyá arẹwà kan ni, kò ga, ó so gèlè kékeré mọ́rí, ó wọ ṣúẹ́tà ọmọ rẹ̀ lé ìró. Ó fi ìgò omi ọsàn kan lé mi lọ́wọ́, ó súre fún mi, súre fún ìyàwó mi tí kò rí rí, súre fún àwọn sípánà mi. Mo dúpẹ́, mo ń lọ sí ibi bọ́ọ̀sì. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi rántí pé mo gbàgbé ìbọ̀wọ́ mi sórí ìjókòó máṣìnnì. Mo padà.

Mummy wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìkútà, lórí kọnkéré tútù. Ó ti ká ṣúẹ́tà sókè. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ìgò náà sì wà ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ ibi bẹ́líìtì. Ó ń da òróró síbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ń gbàdúrà.

"Kó o gbé ọmọ mi lọ, kó o gbé e bọ̀. Kó o má dá a dúró lójú ọ̀nà. Enjiníà tó ń tún ọ ṣe, kí ọwọ́ rẹ̀ má rọ."

Bẹ́líìtì tuntun mi ń mu òróró lójú mi kòrókòró! Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe máa pariwo mọ́ ẹni tó ń gbàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀? Mo tún rò ó wò: bí mo bá sọ pé òróró àdúrà ló ń ba máṣìnnì jẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìjọ á ti gbọ́ pé mẹkáníìkì ń bá Ẹ̀mí Mímọ́ jà. Ìdajì oníbàárà mi sì wà nínú ìjọ yẹn.

"Mummy, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó gbójú sókè, kò tiẹ̀ jáyà. "Ẹ̀n-ẹ́n, Enjiníà, o gbàgbé nǹkan ni?"

"Glove mi ni, Mummy. Kí lẹ̀ ń dà síbẹ̀ yẹn?"

"Òróró ni. Àràárọ̀ ni mo máa ń fún un kí Bímbọ́ tó jí. Látìgbà tí wọ́n ti ń bá a jà yìí, mo ti fi ti ìrọ̀lẹ́ kún un."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yé mi. Bí wọ́n ṣe ń gbààwẹ̀ sí i ni òróró ń pọ̀ sí i, bí òróró ṣe ń pọ̀ sí i ni máṣìnnì ń yọ̀ sí i, bó ṣe ń yọ̀ sí i ni wọ́n ń gbààwẹ̀ sí i.

"Kí ló dé tó jẹ́ ihò yẹn lẹ yàn, Mummy?"

"Ihò wo ló tún kù? Gbogbo ara rẹ̀ ló dì pa." Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́n. "Máṣìnnì ni mo fi jẹun láyé mi, Enjiníà. Aránṣọ ni mí. Máṣìnnì tí wọ́n bá dá ihò sí lára, òróró ni wọ́n ní ká máa kán sí i. Èmi kàn fi àdúrà kún tèmi ni."

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti fún mi ní ọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mummy, máṣìnnì yín nígbà yẹn, ṣé ọlọ́wọ́ ni àbí ẹlẹ́sẹ̀?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ó ṣì wà ní pálọ̀ mi ní Òṣogbo."

"Ó ní bẹ́líìtì?"

"Bẹ́líìtì awọ. Ó dára."

"Bí òróró bá wá kan bẹ́líìtì yẹn ńkọ́?"

"Há! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ iṣẹ́ tó bá fi òróró kan bẹ́líìtì mi, á gbọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn. Ṣé wàá rí i, ẹsẹ̀ á máa lọ, á máa lọ, abẹ́rẹ́ ò ní lọ. Ariwo lásán láá máa pa, á kàn máa yọ̀..."

Ó wo ihò náà, ó wo ìgò ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ihò náà.

"Enjiníà, ṣé bẹ́líìtì ló wà nínú ibí yìí?"

"Bẹ́líìtì ni, Mummy."

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ pẹ̀kẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Yéè! Èmi ni mò ń dá ọmọ mi dúró lórí òkè." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò mọ bọ́ọ̀sì wọ̀ níbí. Mi ò mọ ààrò wọn tàn. Ọmọ mi ń jáde nínú òtútù, mo ń wò ó. Òróró yìí nìkan niṣẹ́ tí mo rí ṣe fún un."

Àánú rẹ̀ ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé iye ìgbà tí mo ti tú máṣìnnì yẹn. Mo ní, "Mummy, iṣẹ́ ṣì wà. Ẹ bá mi di àwọn nọ́ọ̀tì yìí mú."

Mo sọ àpò irinṣẹ́ mi kalẹ̀, mo tú ìdérí náà níbẹ̀, lórí kọnkéré. Mummy kó àwọn nọ́ọ̀tì sí etí ìró rẹ̀, kò sọ ẹyọ kan nù. Ó wọlé lọ, ó mú aṣọ funfun kan jáde, ó fi eyín ya á ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo etí rẹ̀ gún régé láìlo sísọ́ọ̀sì. Mo fún un ní ọṣẹ tí à ń fi fọ epo kúrò lára irin. Ó gba púlì lọ́wọ́ mi, ó nù ún títí ojú mi fi ń hàn nínú rẹ̀. Nígbà tó kan bẹ́líìtì, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi ẹfun ìlàṣọ pa á, pé bí àwọn ṣe ń ṣe é ní Òṣogbo nìyẹn. Mo ní bẹ́líìtì òyìnbó kì í jẹ ẹfun. Ó ní ta ló sọ fún mi. A jà lórí ẹfun yẹn díẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹkún ti tán.

Bímbọ́ jáde nígbà yẹn, tówẹ́lì lórí. Ó rí máṣìnnì rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, ó rí ìyá rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá.

"Mummy! Uncle! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Má dààmú," ni Mummy fi dá a lóhùn. "A ti rí ọ̀tá náà."

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Bímbọ́ wò mí, mo wo ojú ọ̀run. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lórí kọnkéré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mo to máṣìnnì tán. Ìṣòro kan ló kù. Mummy ṣì di ìgò mú.

"Òróró mi ńkọ́? Mi ò lè jẹ́ kó jáde lásán."

Mo yí máṣìnnì náà po. Bí ó bá kan bíréèkì, a ti pa Bímbọ́. Bí ó bá kan táyà, bákan náà. Bí ó bá kan ìjókòó, Bímbọ́ á yọ̀ dé Woolwich, máṣìnnì á sì kù lórí òkè. Bí ó bá kan ọwọ́ ìdarí, ẹ máa pe ọlọ́pàá ni. Bí mo ṣe ń rò ó, mo gbé máṣìnnì náà dúró lórí ẹsẹ̀ irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ké "kẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́", bó ṣe máa ń ké látijọ́.

"Kí ló ń ké yẹn?" ni Mummy bèèrè.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni. Òùngbẹ òróró ló ń gbẹ ẹ́."

"Ṣé bẹ́líìtì ò sí níbẹ̀?"

"Kò sí, Mummy. Mo fi ọmọ mi búra."

Ó kúnlẹ̀, ó kán ẹyọ kan sí oríkèé ẹsẹ̀ náà. "Kó o gbé ọmọ mi lọ, kó o gbé e bọ̀. Ibi tó bá dúró sí, kó dúró re." Ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Kò ké mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe àmín, tèmi ló sì le jù.

Ní àárọ̀ Monday, mo ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láìtíì tó àkókò, mo gbé fóònù síwájú. Mi ò lè fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Bí ó bá tún yọ̀, kò sí ẹni tí mo tún lè dá lẹ́bi. Fóònù dún.

"Uncle." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mo ti dé. Mo ti wà lókè tipẹ́. Doris ṣì ń sùn. Manager ṣẹ̀ṣẹ̀ ń park ni, ó ní, 'Oh, you're here.'"

Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n n kò rántí ohun tí mo sọ. Mo jókòó lórí kéègì tí Pekka fi sílẹ̀ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń kọjá fi yọjú wo mí.

Mummy jẹ́rìí nínú ìjọ ní Sunday tó tẹ̀ lé e. Ó dúró níwájú, ó gbá máíkì mú, ó ní, "Ẹ̀yin ará, àdúrà mi dára. Àdírẹ́ẹ̀sì tí mo fi ránṣẹ́ sí ni kò dára." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, ó sì na ìka sí mi ní ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ yẹn, oníbàárà mi tó bá ra máṣìnnì tuntun máa ń kọ́kọ́ mú ìgò wá bá mi kí n fi ibi tó yẹ hàn án. Ẹsẹ̀ irin ni mo máa ń na ìka sí. Kò sí ẹsẹ̀ máṣìnnì tó ń ké ní Thamesmead mọ́.

Mo ròyìn fún Pekka. Ó ní, "Dry now?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló fà á. Mo ní ìyá kan ló ń fi òróró gbàdúrà sí i.

"With us, dog," ló sọ. N kò bi í ní ohun tí ajá náà ṣe.

Mummy padà sí Òṣogbo nígbà tí físà rẹ̀ parí. Kó tó lọ, ó gbé ìgò tó kù wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sórí pẹpẹ irinṣẹ́ mi, ó ní kí n máa bá òun ṣọ́ ọ. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ agolo bisikíìtì Pekka.

Nígbà tó yá, Bímbọ́ gbé máṣìnnì wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tú ìdérí rẹ̀, inú rẹ̀ gbẹ bí ọyẹ́. Rólà dára, sípíríǹgì dára. Mo gbé e dúró kí n yí táyà rẹ̀ wò, ẹsẹ̀ irin náà sì ké: kẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́.

"Bímbọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ké."

"Ó ti ń ké látìgbà tí Mummy ti lọ." Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. "Bí mo bá park ẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ. Mo kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ ìdí."

Èmi mọ ọ́n. Mo gbé ìgò Mummy sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́rùn, ó kán ẹyọ kan sí oríkèé náà.

"Kó o gbé mi lọ, kó o gbé mi bọ̀," ló ń sọ. "Uncle, kí ló kù níbẹ̀?"

"Ibi tó bá dúró sí."

"Ibi tí mo bá dúró sí, kí n dúró re."

Ó nu ojú, ó mú fóònù, ó pe Òṣogbo. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ irin náà sókè, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó tún un ṣe.

"Mummy, ẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o," ni Mummy sọ láti ọ̀hún.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn náà ni."

Mo gbọ́ tí Mummy fa ikun símú. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ le padà, ohùn ọ̀gá aránṣọ.

"Enjiníà dà? Bẹ́líìtì ńkọ́?"

"Ó gbẹ, Mummy!" ni mo pariwo láti ìdí máṣìnnì. "Ó gbẹ táútáú!"